Ẹ̀sùn Kẹta: Oúnjẹ Ọmọ Ẹja, àti Ọmọ Iṣẹ́ Yín Tó Gé Fóònù Mọ́ Mi Lẹ́nu

Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́.
Ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Àkúrẹ́.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́tà kẹta tí mo ń kọ sí yín nìyí. N kò ní tún sọ iye àpò oúnjẹ ọmọ ẹja tí mo rà lọ́wọ́ yín tàbí ọjọ́ tí mo rà á. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé yín, ojú mi ni ọmọbìnrin tó ń gbowó ṣe kọ ọ́. Oúnjẹ náà ti bu, ó ń rùn, ọmọ ẹja kò fẹnu kàn án. Ìyẹn ti kúrò ní ohun tó ń dùn mí jù. Ọ̀sẹ̀ 5 tí ẹ fi ń dá mi lọ dá mi bọ̀ ló ń dùn mí.

Ẹ ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo fi ránṣẹ́, ẹ kà á, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Mo wá sí ọ́fíìsì yín, ẹ ní ẹni tó ń rí sí i kò sí níbẹ̀, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Mo padà wá, ẹ ní oríléeṣẹ́ ló lè dá sí i. Mo pe oríléeṣẹ́, wọ́n ní Àkúrẹ́ ni kí n lọ.

Ẹ wá ṣèlérí pé amọṣẹ́dunjú yín ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 8 oṣù yìí, láti wá wo omi àti ẹja. Mo gún iyán dè é, torí a kì í jẹ́ kí ẹni tó wá ṣiṣẹ́ nílé wa padà pẹ̀lú ebi. N kò lọ sí Ọjà Ọba lọ́jọ́ náà. Láti aago 8 àárọ̀ ni mo ti ń wo ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò wá, kò sì pè.

Nígbà tí mo pè lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e. Ó ní òtútù òjò ló fà á tí ọmọ ẹja mi kò fi dàgbà. Mo ní lóòótọ́ omi tútù máa ń dá ìdàgbà ẹja dúró, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọn omi mi láràárọ̀, kò sì tutù. Ó ní, “Màmá, ẹja ni ẹ ń sìn àbí ọmọ? Tí wọ́n bá dàgbà, ẹ fún wọn lóúnjẹ púpọ̀, wọ́n á sanra.” Mo fẹ́ ṣàlàyé, ó gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ tí mo lè bí ni.

Àlàyé tí kò jẹ́ kí n ṣe nìyí. Ọ̀rọ̀ adìyẹ yàtọ̀ sí ti ẹja. Kí òròmọdìyẹ tó jáde nínú ẹyin, iye fọ́nrán ẹran ara rẹ̀, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó para pọ̀ di ẹran, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé; ńṣe ni wọ́n kàn ń nípọn lẹ́yìn náà. Ẹja tó máa ń tóbi bí àrọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó bá jáde nínú ẹyin, fọ́nrán tuntun ṣì ń yọ láàárín àwọn ti àtijọ́, àwọn ti àtijọ́ náà sì ń nípọn. Ẹ wo ẹja tí a sè, bó ṣe ń ṣí ní ìpele ìpele: àwọn fọ́nrán yẹn ló tò pọ̀ síbẹ̀. Ìgbà kékeré ni yíyọ wọn ń yá jù, oúnjẹ àti ìgbóná omi sì wà lára ohun tó ń pinnu iye tó máa yọ. Bí ọjọ́ 3 péré ni oúnjẹ inú ẹyin ń gbé ọmọ àrọ̀ dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ wa ló ń wò. Bí ìdajì oúnjẹ rẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ purotéènì, torí òun ló ń di ẹran.

Òótọ́ ni pé ẹja tí ebi pa fúngbà díẹ̀ lè sáré dàgbà tó bá rí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n tèmi ti ń jẹ ara wọn kí n tó rí oúnjẹ míì rà. Àwọn tó tóbi díẹ̀ ń gbé àwọn kéékèèké mì, mo ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀ lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo ń sunkún. Ìgbà tí ẹ ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé gan-an ni ìgbà tó yẹ kí wọ́n máa di ẹja.

Láti ọdún 2019 ni mo ti ń rajà lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ owó mi padà, àti owó oúnjẹ tí mo fi rọ́pò rẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ọmọ yẹn bẹ̀ mí, láti ẹnu ara rẹ̀. Bí ó bá fi di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 30 oṣù yìí, tí n kò gbọ́ nǹkan kan, màá kó gbogbo ìwé àti àtẹ̀jíṣẹ́ wa lọ fún FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, màá sì kà á sétí gbogbo àwa tí a ń sin ẹja láti ibí dé ìlú Oǹdó.

Ẹ má tún sọ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé.

Èmi ni,
Màmá Tósìn.