Ẹ yẹ omi inú òkúta ẹfun wò nígbà òjò

Sí Olóòtú,

Mo dúpẹ́ fún àyè tí ẹ ń fún ọ̀rọ̀ omi nínú ìwé ìròyìn yín. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ìgbàgbọ́ pé omi tó bá ti sun láti inú òkúta, ilẹ̀ ti sẹ́ ẹ mọ́. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà ní ilẹ̀ òkúta ẹfun.

Omi òjò máa ń kan díẹ̀ bó bá gba inú erùpẹ̀ kọjá, kíkan yìí ló sì ń jẹ òkúta ẹfun fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí pàlàpálá inú rẹ̀ yóò fi fẹ̀ di ihò, tí ihò yóò sì di ojú odò lábẹ́ ilẹ̀. Karst ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi lè rin ju kìlómítà kan lọ níbẹ̀ lóòjọ́, kò sì sí iyanrìn tí yóò sẹ́ ohun tó bá já sínú rẹ̀ láti òkè.

Ibẹ̀ ní àwọn onílé tirẹ̀. Bí a bá fi ìka kan òkúta tí omi ń ṣàn lé lórí nínú ihò, ó máa ń yọ̀: bakitéríà, àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí, ló tẹ́ra wọn síbẹ̀ bí awọ fẹ́lẹ́. Àwọn kan ń jẹ ìdọ̀tí ewé tí òjò gbá wọlé. Àwọn mìíràn ń rí agbára láti ara amóníà tàbí imí-ọjọ́, láìsí òòrùn rárá. Nínú ihò Movile ní Romania, tí wọ́n ṣí ní 1986, irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ gbogbo ẹranko kéékèèké tó ń gbé ibẹ̀ ti ń ṣẹ̀ wá.

Àwọn onílé yìí kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, bí kò ṣe àlejò tí òjò ń kó wá láti ìgbẹ́ ẹran àti ṣáláńgá. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi àtijọ́ tó ti wà nínú ihò ni òjò máa ń tì jáde lákọ̀ọ́kọ́, nítorí náà ìsun lè kún kó sì mọ́ gaara síbẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni omi ẹlẹ́rẹ̀ ń dé, òun àti E. coli, bakitéríà inú ìgbẹ́, tó gbé wá. Ẹni tó bá bu omi rẹ̀ fún àyẹ̀wò kí ẹrẹ̀ tó dé yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi dára, òótọ́ ni yóò sì kọ, ṣùgbọ́n òótọ́ wákàtí yẹn nìkan ni. Ní Walkerton, ní Kánádà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò gbá ìgbẹ́ màlúù wọ kànga tó ń fa omi láti inú òkúta onípàlàpálá. Ènìyàn 7 kú, ó lé ní 2,300 tó ṣàìsàn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń bójú tó irú omi yìí ni pé kí wọ́n máa bu omi fún àyẹ̀wò lemọ́lemọ́ láti ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ títí ìsun yóò fi tún mọ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da pàǹtírí sínú kòtò tí ilẹ̀ bá ti jìn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín