Ẹ sọ gbogbo ohun tí ó kù fún wa lẹ́ẹ̀kan

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

N kò lòdì sí gbígba ìwé àṣẹ kí a tó tún ilé ṣe, nítorí ẹni tí ó bá wó ògiri tí ó gbé òrùlé ró láìjẹ́ kí ẹnjiníà yẹ̀ ẹ́ wò ti fi ẹ̀mí ará ilé wewu. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú kì í sọ gbogbo àléébù lẹ́ẹ̀kan: wọ́n á dá ìwé padà nítorí àwòrán ilé, a ó tún un ṣe, wọ́n á tún dá a padà nítorí ìwé ilẹ̀ tí ó ti wà níwájú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bá wa rọ̀ wọ́n kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onílé kan