Bọ̀ọ̀dá, Ẹ Ṣeun Tí Ẹ Gbá Mi Lọ́wọ́

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?

Mo ń gbọ́ Ebenezer Obey lórí fóònù lálẹ́ àná. Bí bàbá náà ṣe dákẹ́, tó ku gìtá àti ìlù, ọmọ mi nawọ́, ó fẹ́ fò ó sí òmíràn. Ó ní, "Dádì, orin ti tán." Àfi bíi pé èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ yín láyé ijọ́un.

Ẹ máa rántí. Ẹ ó fi etí ẹ̀wù nu àwo, ẹ ó gbé e sórí giramafóònù, ẹ ó wá fi kọ́bọ̀ kan lé orí apá rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má baà fò. Bí olórin bá ti ki àwọn olówó tán, èmi ti sáré dé ibẹ̀ láti gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Ọjọ́ kan lẹ gbá mi lọ́wọ́. Ẹ ní, "Ibi tí wọ́n ń lọ gan-an nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ni orin ẹnu mú wa dé." Mo bínú. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí ẹ ń wí.

Láyé àwọn olórin háíláìfù bíi E.T. Mensah ará Gánà àti Bobby Benson, àwo kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Ìwọ̀nba yẹn náà ni I.K. Dairo rí lò, òun àti àkọ́díọ̀nù rẹ̀, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fún un ní oyè MBE ní 1963. Nígbà tí àwo ńlá wá gbòde, Obey àti Sunny Adé bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin kan kún ojú kan àwo láìdúró. Ohun tí wọ́n ń ṣe lóde àríyá títí ilẹ̀ fi ń mọ́ wá ráyè nínú àwo. Gángan á béèrè, èkejì á dá a lóhùn, gìtá kan á máa tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo lábẹ́ wọn. Ṣé ẹni tó gbọ́ Yorùbá lè sọ pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kí n gbọ́ ti àwọn ará Kóńgò. *Indépendance Cha Cha* ti Grand Kallé àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, African Jazz, tí wọ́n ṣe ní Brussels ní 1960, nígbà tí àwọn olóṣèlú Kóńgò ń bá àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù jókòó lórí ọ̀rọ̀ òmìnira. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Lingala nínú ilé wa, síbẹ̀ tí gìtá Docteur Nico bá ti wọlé, Màámi á gbé agbọ̀n ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé àwọn ará ibẹ̀ fún apá tí gìtá ń dá gba orin náà lórúkọ: sebene. Inú mi dùn títí lọ́jọ́ náà. Ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ ẹ mọ nǹkan náà.

Ti Fela ńkọ́? Ó yí i padà ni. Tony Allen á ti lu ìlù fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, fèrè á ti sọ tiẹ̀, kí bàbá yẹn tó la ẹnu. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé orin àwọn èèyàn yìí ò ju kíki olówó lọ. Mi ò gbà. Rex Lawson, olórin háíláìfù, kọrin ní èdè Kalabari, Yorùbá ń jó o l'Ékòó. Ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà nínú agbo kan náà.

Mi ò gbá ọmọ mi lọ́wọ́. Mo kàn gbé fóònù sókè kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé, mo ní kó dúró tì mí. Nígbà tó yá, mo wo ilẹ̀: àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lu ilẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì le.

Mo ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, èmi àti òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó àwọn àwo yẹn dànù. Kọ́bọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà lórí rẹ̀?

Èmi ni ọmọ yín.