Ẹ Má Gbàgbé Jesse Harper

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà dùn ún kà, àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ tún ṣe. Ẹ ní Gus Dorais àti Knute Rockne, àwọn agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Notre Dame, ló dá jíju bọ́ọ̀lù síwájú sílẹ̀ lọ́dún 1913. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1906 ni òfin ti fàyè gbà á, ọdún náà gan-an sì ni Bradbury Robinson ti Yunifásítì Saint Louis ti ju tirẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé ẹ ò dárúkọ Jesse Harper rárá, bẹ́ẹ̀ òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun tó gba ikọ̀ Notre Dame lọ́dún 1913.

Ikọ̀ tí Harper bá nílẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Lábẹ́ John Marks, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ṣáájú rẹ̀, odidi ọdún méjì ni ẹnikẹ́ni ò fi nà wọ́n. Alátakò tó lórúkọ ni wọn ò ní, torí àwọn yunifásítì ńlá àdúgbò wọn kì í fẹ́ bá wọn gbá. Harper ló kọ̀wé sí iléèwé ológun Army, tó fi rí ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá gbà ní West Point, níbi tí iléèwé náà wà.

Òfin tí wọ́n yí padà ní 1912 ló ṣínà. Tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù síwájú kò gbọdọ̀ kọjá yáàdì 20. Wọ́n fagi lé ìyẹn, wọ́n sọ ìgbìyànjú mẹ́ta tí ikọ̀ ní láti fi gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú di mẹ́rin, wọ́n sì fi yáàdì 10 sẹ́yìn ìlà ayò, níbi téèyàn ti lè gba bọ́ọ̀lù mú.

Bọ́ọ̀lù ìgbà yẹn sanra. Ìbàdí rẹ̀ tó ínṣì 22 àbọ̀ sí 23 yípo; ti òde òní kò ju bíi 21 lọ. Ọwọ́ kì í fẹ́ ká a. Tí ìka ẹni tó ń jù ú kò bá yí i bó ṣe ń kúrò lọ́wọ́, ńṣe ni yóò máa takìtì lókè, atẹ́gùn á sì darí rẹ̀ síbi tó wù ú. Àṣìṣe ẹni tó fẹ́ gbà á tún wà lọ́tọ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn á dúró sójú kan, wọ́n á fi ikùn gbà á bí ẹni tí wọ́n ju àpò gààrí sí. Kó tó mọ́wọ́ dúró, alátakò ti dé. Ohun tí Dorais àti Rockne fi ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn 1913 ṣe ní Cedar Point, létí adágún Erie, nìyẹn: kí ẹni tó ń sáré má dúró, kó dẹ ọwọ́, kó fi ìka gbà á; kí ẹni tó ń jù sì jù ú síbi tí ẹnì kejì ń lọ.

Ní West Point, àwọn ológun kóra jọ sídìí ìlà tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan. Dorais ń ju bọ́ọ̀lù gba orí wọn kọjá: nínú 17 tó jù, 14 bọ́ sọ́wọ́ ara ilé, ó sì kó yáàdì 243 wálé. Síbẹ̀, 14 sí 13 péré ni Notre Dame fi ń síwájú nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Nígbà tí Army wá tú ká láti ṣọ́ àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù, àárín ṣófo, Ray Eichenlaub, ará ikọ̀ Dorais tó síngbọnlẹ̀, sì ń gbé bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀ kọjá. Ibi tí mo ti rí iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá gan-an nìyí: bí wọ́n bá dí àárín, Dorais á jù ú, bí wọ́n bá tú ká, Eichenlaub á wọlé. Ó parí sí 35 sí 13. Army kò tún fìdí rẹmi mọ́ ní sáà yẹn.

Ìdíje méje ni Notre Dame gbá ní sáà náà, wọ́n jáwé olúborí nínú gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin tó kẹ́yìn, láàárín oṣù kan ṣoṣo, ìrìn àjò ni gbogbo wọn: Army, Penn State (14 sí 7), Christian Brothers ní St. Louis (20 sí 7), àti Texas ní Austin (30 sí 7).

Ọdún márùn-ún ni Harper lò. Ó borí nínú ìdíje 34, ó pàdánù 5, ó gbá ọ̀mì kan, kó tó di pé Rockne gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1918. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá fẹ́ ṣe àtúnṣe, ẹ bá wa kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín