Ẹ kọ́ òbí yín bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó fi wọ́n sínú ilé l'Amẹ́ríkà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsinmi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ta aṣọ ní Gbági ń múra àtilọ bá ọmọ ẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun ní Texas, gbogbo wa la sì ń gbà á nímọ̀ràn, ẹnì kan ní kó gbé èlùbọ́ dáadáa, ẹnì kan ní kó má gbàgbé irú àti ẹ̀fọ́ gbígbẹ, ẹlòmíì ní kó ra súwẹ́tà. Ó wá bi mí pé, "Ìwọ tó o ti lọ rí, kí lo rí sí i?" Mo ní kó kọ́kọ́ bi ọmọ ẹ̀ bóyá bọ́ọ̀sì ń dé àdúgbò wọn. Gbogbo wọn wò mí bíi pé mi ò gbọ́ ìbéèrè yẹn. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí nìyẹn, torí mi ò fẹ́ kí ohun tójú mi rí tún ṣẹlẹ̀ sí ìyá ẹlòmíì.

Houston, ní Texas yẹn náà, lọmọ tèmi ń gbé, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Alief, àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Oṣù márùn-ún ni mo lò. Ọ̀sẹ̀ méje àkọ́kọ́, àfi Sunday tí wọ́n bá gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò fẹsẹ̀ kan títì. Ọmọ mi á ti jáde láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ìyàwó ẹ̀ nọ́ọ̀sì ni, nígbà tó padà síṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, tó bá ti wọlé oorun ló kù, èmi àti ọmọ jòjòló la ó máa wo ara wa títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi tó jẹ́ pé tí mo bá ti nawọ́ sí Micra ní Ìwó Road, kò síbi tí mi ò lè dé n'Ìbàdàn, mo wá di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun jáde. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mi ò sọ fún wọn pé mò ń sunkún lọ́sàn-án, àmọ́ mò ń sunkún.

Kì í ṣe pé ọmọ mi ò láàánú o. Mọ́tò ni wọ́n torí ẹ̀ la ìlú ọ̀hún. Ṣọ́ọ̀bù tí mò ń rí láti ojú wíńdò, mi ò lè rìn débẹ̀, lánì mẹ́fà ni títì tó wà láàárín wa, ibi tí wọ́n ti ń sọdá sì jìnnà, tó o bá tún rìn síwájú díẹ̀ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ á kàn parí sínú koríko. Ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí níwájú ṣọ́ọ̀bù máa ń tóbi ju ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ lọ. Títì ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Katy Freeway, 2008 ni wọ́n parí fífẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ ẹ́, ibì kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ka ti ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn lánì ẹ̀ ń lọ sí 26, síbẹ̀ náà sún kẹrẹ fà kẹrẹ ò kúrò níbẹ̀.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ará Ìjẹ̀bú, ló tú mi sílẹ̀. Ó ti lé lọ́dún 15 tó ti wà níbẹ̀, kò wa mọ́tò rí, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bẹ̀rù dánfó, ṣé bọ́ọ̀sì tó ní éè-sì lẹ wá fẹ́ máa sá fún?" Ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún mi. Ẹnu ọ̀nà iwájú lẹ ó gbà wọlé, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 lowó ọkọ̀, tó bá jẹ́ owó lẹ mú dání kó pé géérégé o, kò sí kọ̀ńdọ́, dírẹ́bà ò sì ní ṣéńjì tó máa fún yín. Tó bá jẹ́ káàdì lẹ fi san án ó tún dáa jù, owó kan yẹn lẹ lè fi wọ bọ́ọ̀sì míì tàbí tíréènì láàárín wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó bá ti pé 70 ọdún, tó bá gba káàdì tiwọn, ọ̀fẹ́ ni. Àga iwájú, àwọn àgbàlagbà ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún, tí orúnkún bá sì ń dun èèyàn dírẹ́bà á mú kí bọ́ọ̀sì rẹlẹ̀ kéèyàn lè gùn ún. Kò sí pé à ń pariwo "ó wà o," okùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ẹ ṣáà fà á. Ní August 2015 ni wọ́n tún gbogbo ọ̀nà bọ́ọ̀sì ìlú yẹn tò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ṣètò kí àwọn kan máa kọjá ní ìṣẹ́jú 15 síra wọn, tọjọ́ iṣẹ́ tòpin ọ̀sẹ̀, àmọ́ àwọn míì wà tẹ́ ẹ máa dúró dè fún odindi wákàtí kan, torí náà ẹ mọ nọ́ńbà èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde.

Mo délé mo sọ fún ọmọ mi, ojú ẹ̀ yí padà. "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ káwọn èèyàn máa sọ pé mi ò lè tọ́jú yín ni?" Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tó ń ti òbí wa mọ́lé níbẹ̀ nìyí ju títì lọ, ìtìjú, torí wọ́n gbà pé ẹni tí ò rí jájẹ ló ń wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù tún ń bà á pé màá sọnù. Mo wá rán an létí pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo kọ́ ọ láti máa wọkọ̀ lọ síléèwé ní Mọ́kọ́lá, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹrin mo dúró sójú títì mò ń wo ọkọ̀ tó gbé e lọ títí mi ò fi rí i mọ́. Kò lè fèsì.

Saturday tó tẹ̀ lé e ó ní ká jọ lọ. Ọdún 11 ló ti lò níbẹ̀, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì ìlú ọ̀hún. A wọ 65 tó ń gba títì Bissonnet, nígbà tó yá a wọ tíréènì wọn, èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ kìíní January 2004, ó gbé wa dé ọgbà ìgbafẹ́ kan tó ń jẹ́ Hermann Park, a tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi, ọmọ sùn. Lẹ́ẹ̀kejì ó tún bá mi lọ. Ìgbà kẹta ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, kò dá sí mi, ó kàn ń wò mí.

Látìgbà yẹn, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń dá lọ sí Bissonnet lọ ra èlùbọ́ àti ata, màá bá àwọn tó ń tajà sọ Yorùbá títí á fi rẹ̀ mí lẹ́nu. Ọjọ́ kan mo dúró sí òdìkejì títì, bọ́ọ̀sì ń gbé mi lọ síbi tí mi ò mọ̀, mo fi ìwé tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí han dírẹ́bà, ó fọwọ́ júwe ibi tí màá ti sọdá, mo délé. Oòrùn ibẹ̀ lóṣù July le o, bọ́sítọ́ọ̀pù míì òpó lásán ni, kò ní ìbòòji, ẹ mú agbòòrùn àti omi dání.

Òótọ́ ni pé bọ́ọ̀sì ò dé ibi gbogbo. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ bá ń gbé ní Pearland, bọ́ọ̀sì ìlú Houston ò débẹ̀. Arlington tí ọ̀rẹ́ mi ń lọ, ẹ̀gbẹ́ Dallas ló wà, rélùwéè Dallas gùn ju 90 máìlì lọ, àmọ́ Arlington fúnra ẹ̀ ò ní irú bọ́ọ̀sì tó ń gba ojú ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, láti ìparí 2017 ọkọ̀ kéékèèké téèyàn ń fi fóònù pè ni wọ́n ń lò. Ìyá tí ò mọ fóònù tẹ̀ ti di èrò inú ilé nìyẹn. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, tẹ́ ẹ bá ń wá ilé tí ìyá yín máa wá bá yín gbé, ẹ wo ibi tí bọ́sítọ́ọ̀pù wà, tó bá sì dé, ẹ fi Saturday kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ bá a wọ̀ ọ́ lọ bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ti pe ọmọ ẹ̀. Ìyẹn ní òun ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè yẹn ń dé àdúgbò àwọn, òun máa wádìí. Ọjọ́ kẹta ló pè padà, ó ní ó ń dé, pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta ni láti ẹnu ọ̀nà àwọn sí ibi tó ti máa ń gbé èèyàn. Ní báyìí, tọ́jà bá ti dá lọ́wọ́ ọ̀sán, a ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

Èmi ni tiyín,
Ìyá aláṣọ kan,
Gbági, Ìbàdàn.