Ẹ má ní kí àwọn ará Seychelles gbàgbé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nínú ọ̀rọ̀ olóòtú yín lórí Seychelles, orílẹ̀-èdè erékùṣù inú Òkun Índíà, ẹ ní ìlú náà tòrò, kí wọ́n gbàgbé ohun tó ti kọjá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Orílẹ̀-èdè náà kò tíì pé ọdún kan tó gbòmìnira nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn France-Albert René, olórí ìjọba lábẹ́ ààrẹ, fi ìbọn gbàjọba fún un ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, 1977. Lọ́ńdọ̀nù ni Ààrẹ James Mancham wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n gba ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, wọ́n gbé àwọn mìíràn lọ, a ò sì gbúròó wọn mọ́. Lọ́ńdọ̀nù náà ni wọ́n ti yìnbọn pa Gérard Hoarau, aṣáájú alátakò, lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní 1985. Títí di òní, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi rẹ̀ nílé ẹjọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Gbogbo ará ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 100,000 péré, erékùṣù Mahé nìkan sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Ẹni tí ọkàn rẹ ń sọ pé ó gbé bàbá rẹ lọ, ẹ ó jọ pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó pàdé lọ́jà Victoria, olú-ìlú wọn, ó tún lè wá kí yín níbi ìsìnkú. Níbo lèèyàn fẹ́ gbé ojú sí? Ilé tó tòrò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yin òfin 2018 tó gbé ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà kalẹ̀. Àwọn èèyàn jáde wá, wọ́n rojọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. René ti kú ní oṣù Kejì 2019, kó tó di pé ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 2023, ìgbìmọ̀ náà fi àbọ̀ ìwádìí jíṣẹ́.

Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí. Mo wà lára àwọn tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nígbà ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa nílé wa níbí, èyí tó wádìí ìwà ìfìyàjẹni ayé ìjọba ológun. A sunkún, a rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Wọ́n fi ìwé àbọ̀ ìwádìí wọn lé ìjọba lọ́wọ́ ní 2002, ìjọba ò sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kí ìjọba Seychelles sanwó gbà-má-bínú fún àwọn tí wọ́n fìyà jẹ. Kí ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n sin òkú sí lọ fi hàn. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ti di arúgbó báyìí, tí wọn ò tíì rí sàréè bàbá wọn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn