Òróró, Wáìnì àti Owó Idẹ Méjì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Bí a bá ń sọ ìtàn ará Samáríà rere, ibi tó ti da òróró àti wáìnì sójú ọgbẹ́ la sábà máa ń tẹnu mọ́. Lọ́sẹ̀ yìí, owó idẹ méjì tó fi sílẹ̀ fún olórí ilé-èrò ló gbà mí lọ́kàn. Ìtàn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí mò ń kà ló fà á.

Robert Langer lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Albany ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní MIT, yunifásítì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1974, ojú ni àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì fi ń wá a. Ọkàn rẹ̀ kò fà sí i. Ó kọ̀wé sí àwọn ilé-ìwòsàn bóyá wọ́n á rí iṣẹ́ fún un, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ dá a lóhùn. Judah Folkman, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, ló gbà á. (Inú mi dùn nígbà tí mo kà á pé ọmọ rábì ni Folkman, àti pé baba rẹ̀ ló máa ń mú un dání lọ gbàdúrà fún àwọn aláìsàn nígbà tó wà lọ́mọdé.)

Folkman gbà pé bí jẹjẹrẹ kò bá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun fà mọ́ra, kò ní lè dàgbà. Ó ní kí Langer wá èròjà tó lè dínà fún irú iṣan bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀mọ̀wé MIT ṣe di ẹni tó ń lọ kó egungun màlúù nílé ìpẹran nìyẹn, kó lè wá èròjà náà nínú rẹ̀! Ṣùgbọ́n bí irú èròjà bẹ́ẹ̀ bá wọ ara, kì í pẹ́ tó fi ń pòórá. Wọ́n nílò ohun tí yóò gbé e pamọ́ sínú, tí yóò sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ní kò ṣeé ṣe, pé èròjà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè gba inú pọ́límà, ìyẹn ohun bíi ike tí wọ́n fẹ́ fi gbé e pamọ́, kọjá. Langer gbìyànjú títí ó fi rí i ṣe, òun àti Folkman sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1976. Ǹjẹ́ wọ́n gbà á gbọ́? Ìgbà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tó bèèrè owó ìwádìí, òfo ló já sí.

Ẹ wá wo ohun tí iṣẹ́ yẹn dà. Oògùn jẹjẹrẹ ọpọlọ kan wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá fà á sínú iṣan, gbogbo ara ló ń lọ káàkiri, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró àti mùdùnmúdùn eegun jẹ́. Langer àti Henry Brem, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé-ìwòsàn Johns Hopkins, fi oògùn náà sínú ohun pẹlẹbẹ kékeré kan tí kò ju owó ẹyọ lọ. Bí dókítà bá ti gé kókó jẹjẹrẹ náà kúrò, kó tó pa agbárí dé, á tò ó sí àyè tó ṣófo náà, ó lè tó mẹ́jọ. Á máa yọ́ fúnra rẹ̀ níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Mi ò ní bù mọ́ ọn o: kì í wo àrùn náà tán. Ó kàn ń fi kún ọjọ́ ayé àwọn kan ni. Nípa Moderna, ilé-iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí gbogbo wa gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà Kòrónà, Langer wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Dókítà ti fọwọ́, ó ti lọ sílé, oògùn ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi tí ó ti ń dunni gan-an. Ará Samáríà náà kò sùn síbẹ̀ títí, ó ní ibi tó ń lọ. Owó idẹ méjì yẹn ló ń bá a tọ́jú ọkùnrin náà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn nínú ìjọ, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ó kún inú yàrá rẹ̀ fọ́fọ́, àdúrà á máa dún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ta ló ń bá a gba oògùn? Ta ló ń bá a wo àwọn ọmọ kí ìyàwó rẹ̀ lè fojú kan oorun? Kí ẹgbẹ́ ìbẹ̀wò má tún lọ lọ́gọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Lẹ́yìn ìsìn òní, ẹ gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìjọ kọjá, kí kálukú mú ọjọ́ kan tí yóò fi yọjú, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ kejì lọ.

Olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Kírísítì